Àjàní, Má Tú Mọ́tò Náà

Táófíkì, Àjàní, ọmọ mi,

Má jáyà. Kò sẹ́ni tó kú. Mo mọ̀ pé bí o bá rí ìwé láti ọ̀dọ̀ mi, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn ni pé òkú ti sùn ní Òkè-Àgbò, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, mi ò kọ ìwé sí ọ rí. Mi ò tilẹ̀ lè kọ ọ́. Ìyá Tíṣà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ń bá mi kọ ọ́. Mò ń sọ, ó ń kọ. Ìjẹ̀bú ni mò ń sọ, ó ní òun yóò sọ ọ́ di Yorùbá inú ìwé. Mo ní kó ṣe é bó ṣe fẹ́, kó má ṣáà ti fi oyin sí i.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. O sọ pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọ̀rẹ́ rẹ yóò gbé kọ̀ǹpútà wá sílé rẹ ní Èkó, láti tú ohun tí àwọn tó ṣe mọ́tò rẹ fi dè é, kó lè máa sáré kọjá ibi tí wọ́n dá a dúró sí. Èmi bàbá rẹ ni mo sì ní kí o tú u. Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà padà. Bí o kò bá ráyè ka ìyókù, ibi tí o kà dé yìí náà tó.

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní, "Àjàní, má tú mọ́tò yẹn mọ́." O bú sẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n tú u o! Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ." O ní ọ̀gá yín lẹ́nu iṣẹ́ tuntun ń pè ọ́ sípàdé, o máa pè mí padà. O ò tíì pè. Mi ò bínú. Òótọ́ ni o sọ. Ẹnu mi ni. Ẹyin lohùn, mo sì ti jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi ní etí ọmọ mi.

Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ti rí lójú tèmi, nítorí ojú tìrẹ wà lójú ọ̀nà. O gbé mọ́tò dé, ó dúdú, ó rẹlẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń sàba. Gbogbo àdúgbò jáde. O mú Rọ̀fíà lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò fojú kàn mí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. Ó yẹ kí n bi í léèrè bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, kí n fún un lómi mu. Mo ní, "Dìde, dìde," ojú mi sì ti lọ sára táyà. Ìyá rẹ ì bá wà láyé, ì bá ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

O ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ nà án díẹ̀." O fi mí síwájú, o fi Rọ̀fíà sẹ́yìn. A kọjá Òrù, a kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a bọ́ sójú ọ̀nà ńlá tó lọ sí Bìní. Ìgbà yẹn ni o tẹ̀ ẹ́. Àga náà gbá mi lẹ́yìn. Àjàní, mi ò ní purọ́ fún ọ: ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo pariwo, "Tẹ̀ ẹ́!" O ní, "Bàbá, èyí ò tíì jẹ́ nǹkan kan. Ibì kan wà tí kì í kọjá. Àwọn Jámánì tó ṣe é ló dè é. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n." Mo ní, "Wọ́n dè é kẹ̀? Ta ni wọ́n tó láti de ọmọ Ìjì? Tú u!" Èmi ni Ìjì yẹn, orúkọ tí mo gbà nídìí lọ́rì.

Rọ̀fíà wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹyẹ lọ: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó rọra." Mi ò tilẹ̀ yíjú. Mo ní, "Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, di ojú." O rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i nínú dígí. Ó di ojú lóòótọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́líìtì mú bí ẹni tó di okùn kànga mú.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló wọ́ ọ.

Ẹ lọ tán. Mo bu omi sínú kẹ́tùrù láti ṣe àlùwàlá fún ìrun àsárì, mo sì ń ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà tí mo dé ibi tí mo ti ní "di ojú," ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Kì í ṣe Rọ̀fíà ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ìyá rẹ ni.

O mọ ìtàn yẹn. Òkè-Àgbò mọ̀ ọ́n, Jápárà mọ̀ ọ́n, n kò ní àṣírí kankan tí mo fẹ́ tú. O mọ̀ pé inú lọ́rì mi ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti fọ́. O mọ̀ pé oyún wà nínú rẹ̀, oyún náà kò sì dúró, ó sì pẹ́ kí Ọlọ́run tó fi ìwọ ta wá lọ́rẹ. Ìdí tí ìyá mi fi sọ ọ́ ní Àjàní nìyẹn, ọmọ tí a jà kí a tó ní. Ohun tí n kò sọ fún ọ dáadáa rí ni bó ṣe dùn mọ́ mi tó kó tó ṣẹlẹ̀. Òbí a máa sọ ìparí ìtàn fún ọmọ, á fi adùn rẹ̀ pa mọ́, ọmọ á sì rò pé òmùgọ̀ ni bàbá òun. Mi ò gọ̀. Mò ń gbádùn ni.

Ìyá Tíṣà ní kí n to ìmọ̀ràn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o lè há a sórí. Ó dára.

Èkíní. Ìdè tó wà lára mọ́tò kì í ṣe ti ẹnjíìnì. Agbégilódò ni mò ń wà nígbà náà, tí à ń fi kó gẹdú láti inú igbó lápá Abígi àti Ìwópin, létí omi, wá sí ilé ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Olówó mọ́tò mi, tí à ń pè ní Bàbá Onígẹdú, ra lọ́rì tuntun fún mi. Gọ́fánọ̀ wà lára rẹ̀, níbi pọ́ǹpù tó ń fún ẹnjíìnì lépo. Òun ló ń sọ fún lọ́rì pé ibi tí o máa sá dé nìyí, má kọjá ibẹ̀. Wọ́n fi wáyà so ó, wọ́n sì fi òjé kékeré kan di ẹnu wáyà náà pa, kí dírẹ́bà má baà fọwọ́ kàn án. Èmi náà sọ ohun tí ìwọ sọ: mo ní ẹ̀rù ló ń ba òyìnbó. Irọ́ ni. Ẹni tó kọ́ ẹnjíìnì mọ agbára ẹnjíìnì rẹ̀. Àwọn yòókù ni àánú wọn ń ṣe é: táyà, bíréèkì, irin tó so ẹsẹ̀ mọ́ ara, àti èèyàn tó jókòó. Ẹnjíìnì lè sáré ju ohun tí bíréèkì lè dá dúró. Ìwọ gan-an sọ fún mi pé àlòkù ni táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Àjàní, ẹni tó de mọ́tò yẹn kò mọ̀ pé táyà àlòkù ni wọn yóò fi sí i. Bó bá mọ̀ ni, ì bá dè é ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì. Ṣọ́ra fún ẹ̀rín ẹlẹgbẹ́. Ní ilé ìlagi, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ la gẹdú rẹ̀. A sọ ọ́ di eré. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn, àwọn tó ti dé á kó lẹ́búlẹ́bú igi jọ, wọ́n á dà á sí i lẹ́sẹ̀ bí a ti ń da omi sẹ́sẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Wọ́n á máa pariwo, "Ìyàwó dé o! Ẹ wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó!" Lásún, dírẹ́bà ará Jápárà kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló máa ń ṣe aṣíwájú wọn. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ sùn lọ́nà ni? Tàbí ọkọ yín ò jẹ́ kí ẹ tètè dìde?" Ilé ìlagi á máa wó fún ẹ̀rín. Wọ́n wẹ ẹsẹ̀ mi bẹ́ẹ̀ léraléra, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá délé, mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ kan ni mo bá gé wáyà gọ́fánọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Onígẹdú a máa yẹ òjé náà wò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi ń kàn án. Bó bá ti kàn án, á ní, "Làmídì, o káre." Mo nílò òjé mìíràn. Níbo ni mo ti rí i? Lọ́wọ́ bàbá ìyá rẹ ní Ìwópin. Apẹja ni, o kò bá a láyé. Òjé ló ń fa àwọ̀n rẹ̀ rì sínú omi. Mo lọ kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ ta mí lọ́rẹ òjé kan, mo fẹ́ fi ṣe nǹkan sí mọ́tò." Ó tú u lára àwọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Gbà, àna mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ mọ́tò náà." Mo yọ́ ọ, mo fi di ẹnu wáyà, mo sì fi orí ìṣó tẹ̀ ẹ́ kó lè rí bíi ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, Bàbá Onígẹdú fi àtàǹpàkò kàn án. Ó ní, "Làmídì, o káre."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ṣáájú mi dé ilé ìlagi mọ́. Wọ́n sọ mí ní Ìjì. Mo wẹ ẹsẹ̀ Lásún títí ó fi sú u. O ti gbọ́ orúkọ náà, o sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo rí i pé o kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò rẹ. Lọ ha á kúrò.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó wúwo. Ìyá rẹ ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìwópin, oyún náà ti yọ. Mo kó gẹdú, mo ní kó bọ́ síwájú ká jọ máa lọ sílé. Ọ̀nà dára, a ń sọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ. Lásún bá yọ lẹ́yìn wa, ó kọjá mi níbi tí mo ti ń yà fún ihò. Ó yọrí lójú fèrèsé: "Ìyàwó! A ó kó lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ dè ẹ́ o!" Ìyá rẹ rí ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Gẹdú la kó, kì í ṣe ẹja tó máa rà." Ọmọ apẹja ni, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Mo ní, "Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, di ojú." Ó sì di ojú.

Kí a tó wọ Òrù, ọ̀nà dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, bíréèkì kò jẹ́ mi lóhùn. Gẹdú wúwo ju ohun tó lè dá dúró lórí eré tí mo bá a dé ibẹ̀. Ṣéènì tó de gẹdú já. Gẹdú kan gba ẹ̀yìn wá sọ́dọ̀ wa, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Èmi ò ní ọgbẹ́ kankan. Tíṣà, ẹ kọ ìyẹn dáadáa: èmi ò ní ọgbẹ́ kankan.

Bàbá Onígẹdú wá síbi lọ́rì kó tó wá bá wa ní ọsibítù. Kò pariwo. Ó ti já òjé náà kúrò lára pọ́ǹpù, ó ń fi ọwọ́ yí i. Ó ní, "Làmídì, o ṣe é dáadáa. Kò yàtọ̀ sí ti gidi." Ó fi sápò, ó lọ kí ìyá rẹ. Bó bá jẹ́ pé ó gbá mi létí ni, ǹ bá ti gbàgbé. Bàbá ìyá rẹ ní tirẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé òjé mi yẹn ni?" Mo ní òun ni. Ó kọjú sí omi, kò sì tún pè mí ní àna mọ́ títí ó fi kú.

Nítorí náà, bí obìnrin tó jókòó nínú mọ́tò rẹ bá ní kí o rọra, kì í ṣe ojo ló ń ṣe é. Ojú ọ̀nà ni ìwọ ń wò, ìwọ ni òun ń wò. Ohun tí òun rí, o ò lè rí i.

Ìyá Tíṣà dá mi dúró níbí. Ó ní kí òun fi kún un pé ìyá rẹ ni gọ́fánọ̀ tèmi, pé ó máa dùn nínú ìwé. Mo ní kó má kọ ọ́. Ó ní, "Kí ló dé? Òwe gidi ni." Mo ní ìyàwó mi kì í ṣe irin, kò sì sí òjé tí wọ́n fi dè é. Ó ní kí n rọra, ó sì dúró tì mí lẹ́yìn ẹsẹ̀ náà, nítorí pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní, "Ẹ máa wí, Bàbá Táófíkì." Ó ń nu dígí ojú rẹ̀.

Mi ò mọ iye tí a kà dé mọ́. Gbọ́ èyí náà. Níbi iṣẹ́ tuntun yìí, wọn yóò fi nǹkan lé ọ lọ́wọ́, wọn kì yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò ju kí wọ́n fi àtàǹpàkò kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní o káre tí o sì mọ̀ pé o ò káre, fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o tó délé, tàbí kí o padà lọ sọ òótọ́. Ohun tó wà láàárín méjèèjì máa ń jẹ èèyàn. Ó jẹ mí.

Èyí tó kàn, ìwọ àti èmi nìkan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Tíṣà ń gbọ́ ọ. O bínú sí mi nígbà tí ìyá rẹ kú, nítorí mi ò sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró lójúde wa, ó ní ọkàn mi ti di gẹdú. Ẹkún ń bọ̀, Àjàní. Ó ti dé ọ̀fun. Wọ́n wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú aṣọ funfun, mo sì rí i lábẹ́ aṣọ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrú ju tòsì lọ. Ojú tì mí láti sunkún níwájú ẹsẹ̀ yẹn. Mo gbé e mì. Ó ti ń le sí i nínú láti ìgbà náà. Bí mo ṣe wá di ẹni tó lè jókòó sínú mọ́tò lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí n sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà sí ọmọ ẹlòmíràn, bóyá ibẹ̀ ló ti wá. Mi ò fi ṣe àwáwí.

Mi ò ní kí o ta mọ́tò. Òógùn rẹ ni, ó sì rẹwà. Máa wà á. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdè yẹn nìkan ni kí o fi sílẹ̀ bí wọ́n ti ṣe é. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá gbé kọ̀ǹpútà dé ní Sátidé, fún un lóúnjẹ, kó jẹ, kó gbé e padà. Bó bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Kí o sì sọ fún Rọ̀fíà pé kó má fi ojú tó fi rí mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè wò mí títí ayé. Mò ń bọ̀ wá kí àwọn òbí rẹ̀, ọkọ̀ èrò ni mo máa wọ̀.

Ó kù kan. Bí bàbá bá ti fi ẹnu rẹ̀ pàṣẹ fún ọmọ, fóònù kò lè gbà á padà, ìwé náà kò dá mi lójú. Mo sọ fún Tíṣà pé mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Ó sọ kálámù sílẹ̀. Ó ní, "Ká má rí i! Bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, èpè ni fún ọmọ náà." Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ lójú ọ̀nà Bìní ti burú ju èpè lọ. Ó ní, "Bàbá Táófíkì, orúnkún yín ńkọ́? Ta ló máa gbé yín dìde?" Mo ní kó gbé kálámù rẹ̀.

Mo ti wà nílẹ̀ báyìí, nínú pálọ̀ wa, àyà mi wà lórí sìmẹ́ǹtì, mo sì kọjú sí apá Èkó. Ibi tí mo wà ni mo ti ń sọ èyí. Tíṣà yóò ya àwòrán ìwé yìí, yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ nísinsìnyí. Ó ti ń bínú, ó ń sọ pé àgbàlagbà tó tó mi kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù.

Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Pè mí, Àjàní. Sọ pé o ò ní tú u, kí n lè dìde.

Èmi ni Làmídì, bàbá rẹ.